Ẹ̀rọ Omi Gbígbóná àti Ọwọ́ Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo kí ọ kú bí ìlú ńlá ṣe ń fà ọ́ síbí tó tún ń fà ọ́ sọ́hùn-ún. Ṣé àlàáfíà ni o jí? Ara ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa, ṣé ikọ́ tó ń ṣe èyí ẹ̀gbọ́n ti lọ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí o bá fojú sí, ọ̀nà á gbabẹ̀ lọ. O kò ní fi owó ara rẹ ra ìbànújẹ́ wọlé. Àdúrà tí mo fi sí ìkẹyìn yẹn, mo mọ ìdí tí mo fi fi síbẹ̀, ìwọ náà á mọ̀ bí o bá ṣe ń kà á lọ.

Èmi wà. Mi ò kú, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ̀yìn ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, èédú ń tà bó ṣe máa ń tà, àwọn tó rà á láwìn ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá kí ojú wọn má bàa ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tèmi. O máa ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí ògiri kan péré ló wà láàárín ibi tí mo ti lè pè ọ́ àti ibi tí bàbá rẹ ń jókòó sí, etí wọn sì mú ju tèmi lọ. Àìsàn kò mú nǹkan kan nínú etí wọn.

Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ ti padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó máa ro bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ, o lè máa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

O rántí bí ọwọ́ náà ṣe rí nígbà tí àìsàn yẹn kọ́kọ́ dá wọn dúbúlẹ̀, tí ìka márààrún ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni di owó mú tí kò fẹ́ kí wọ́n gbà á. Ẹni tó fi ọwọ́ yẹn rán aṣọ ìyàwó fún ìdajì àdúgbò, tó fi rán aṣọ iléèwé tìrẹ láti ìgbà tí o ti ń wọ́ ọ nílẹ̀ títí dìgbà tó kúrú mọ́ ọ lára. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa rì í sínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ láràárọ̀, kó má gbóná jù, kó má tutù, kó wà lójú kan náà títí iṣan á fi rọ̀, ká wá máa na ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí o fi ra ẹ̀rọ omi gbígbóná. Mo sọ fún ọ nígbà yẹn pé èmi tí mò ń ta èédú, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, o ní Màámi, èédú kò mọ ojú kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, nítorí èédú ni mo fi tọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ká má purọ́, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tí o rán wá gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí balùwẹ̀, funfun báláú, kò ju àpótí aṣọ ọmọdé lọ. O ṣí omi, gbígbóná dé. O tì í, ó dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé ti àtijọ́ máa ń jẹ́ kí èéfín gbé ooru lọ sójú ọ̀run lásán, ṣùgbọ́n pé èyí máa ń gba gbogbo ooru ara èéfín kó tó jẹ́ kó jáde, bí ẹni gba ẹ̀wù lọ́rùn àlejò kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ìyẹn wù mí. Mo ní ẹ̀rọ tó mọ owó ṣọ́ nìyí, èmi àti òun á jọ gbé. Bó ṣe ń dìde lọ, ó na ìka sí páìpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ẹ̀rọ, tó gba ara ògiri jáde lọ sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí n má fọwọ́ kan ìyẹn. Kò sọ ìdí. Ẹni tó ń kánjú wọ mọ́tò kì í sọ ìdí.

Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ dìde. Ìka tó tẹ̀lé e náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní àárọ̀ kan mo bá bàbá rẹ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n di sísọ́ọ̀sì mú. Wọn kò gé nǹkan kan o, wọ́n kàn dì í mú ni, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ọmọ tó ti àjò dé. Mo rọra yọ́ padà sẹ́yìn kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mo rí wọn, mo lọ sídìí èédú mi, mo jókòó síbẹ̀, oníbàárà dé ó ní kí ló ń ṣe mí lójú, mo ní èérún èédú ni.

Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ń da eérú nù lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tó, tó, tó. Mo wò ó, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni, omi ń kán láti ẹnu rẹ̀ sínú gọ́tà. Mo fìka kàn án, ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọmọ mi, gbogbo ara mi bù máṣọ. Omi tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, gáàsì tí ìwọ ń rà, òun ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú gọ́tà yẹn. Ìwọ ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, gọ́tà ń jẹ ẹ́ níbí. Mo gbé garawa síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí garawa ti kún, omi náà mọ́ gaara. Mo fi bomi rin ata mi. Ewé ata bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń re. Mo ní ojú ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà tó múlé tì wá ni, torí òun ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí á máa ní ata yìí mà dára o, ata yìí mà dára o. Mo dáwọ́ kíkí i dúró. Ìdí garawa náà dípatà, ó fẹ́ẹ́ lu, mo ní garawa òde òní kì í kúkú pẹ́.

Ìgbà tí mo ń tọpa páìpù náà láti mọ ibi tí omi ń gbà, mo rí ike gbọọrọ kan lójú ọ̀nà rẹ̀. Mo gbé e, ó wúwo. Mo ní kí ló wà nínú ike tó wúwo tó báyìí. Mo yí ìdérí rẹ̀, mo tú u sílẹ̀. Òkúta ni. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun, ó kún dẹ́nu. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń ra èédú lápò lápò, mo sì mọ bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń ṣe é, èédú lókè, èédú nísàlẹ̀, òkúta láàárín kí àpò lè wúwo. Mo ti da àpò sílẹ̀ rí níṣojú ẹni tó gbé e wá, mo kó òkúta rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní gbangba, kò padà wá mọ́. Mo wá ní áà, wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ. Wọ́n fi òkúta dí ẹ̀rọ fún un kó lè tẹ̀wọ̀n. Mi ò sọ fún ọ, nítorí mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé wọ́n fi ọ́ ṣe gọ̀. Mo da òkúta náà sí kòtò tó wà lójú ọ̀nà níwájú ilé gbẹ́nàgbẹ́nà, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti máa ń há, mo dé ike náà padà lófìfo. Ó fúyẹ́. Mo ní ọ̀nà omi ti là wàyí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò gba kí n máa bẹ̀rẹ̀ gbé garawa nílẹ̀. Mo wá gbé ike ńlá tí a ń tọ́jú omi òjò sí lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, mo fa ẹnu páìpù náà gòkè, mo fi okùn so ó mọ́ irin fèrèsé, mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rì sínú ike náà kó má bàa máa ta sílẹ̀. Iṣẹ́ náà dára lójú. Mo ní ẹ̀rọ tó ń gbé omi gun orí balùwẹ̀, ṣé fèrèsé ni kò ní lè gùn.

Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí ẹni ń fi omi fọ ọ̀fun. Nígbà tó yá ó dákẹ́. Omi tútù ni mo ń rí. Lójú rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà máa ń wà, ó kọ 25 síbẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú sí mi.

Mo jókòó, mo ronú sí i. Fóònù mi, bí dátà bá fẹ́ tán, ó máa ń kọ iye ọjọ́ tó kù fún mi. Mo ní ẹ̀rọ yìí náà ń kọ ọjọ́ tó fẹ́ fi sinmi ni. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún bàbá rẹ pé lọ́la yóò di mẹ́rìnlélógún. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ wò ó, márùndínlọ́gbọ̀n ni. Mo ní bóyá wọn kì í ka ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tún mọ́, kò yí padà. Bàbá rẹ ní ṣé ó dá mi lójú pé ọjọ́ ni, mo ní kí ni ìbá tún jẹ́.

Nígbà náà ni mo pè ọ́ tí o ní o wà nípàdé, tí o ní kí n yára gbé fóònù sójú ẹ̀rọ kí o lè rí i. Mo gbé e sí i lójú. Mo fi okùn so ó mọ́ ọn lọ́rùn, mo kúrò níbẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ sọ ọ́ yanjú. Mò ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé títí di ìrọ̀lẹ́ kí n má bàa da ọ̀rọ̀ yín rú, mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ wúkọ́. Mi ò mọ̀ pé o ti pa fóònù tipẹ́. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, iná inú rẹ̀ ti tán, 25 ṣì wà níbẹ̀.

O wá ránṣẹ́ pé kí n kún fọ́ọ̀mù tó wà nínú páálí rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ wọn, pé wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kún un pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ń lò ó, mo kọ ti bàbá rẹ. Wọ́n béèrè ìgbà tí ìṣòro náà bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣubú lójú ìránṣọ. Wọ́n béèrè ibi tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, mo kọ ọwọ́ ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí àwọn ti tú u wò, mo kọ pé nọ́ọ̀sì nìkan ni. Ibi tí wọ́n ní kí a kọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe, mo kọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kó nà. Wọn kò tíì dáhùn. Mo mọ̀ pé àánú á ti ṣe wọ́n.

Ibi tó kàn yìí, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mo fà á ya.

Nítorí mi ò fẹ́ kí ọwọ́ bàbá rẹ pàdánù ọjọ́ kan, mo gbé ìkòkò ka èédú. Mo ní ṣebí omi gbígbóná ni omi gbígbóná. Mo dà á sínú àwo, mo fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, ó dára. Ṣùgbọ́n ó ń tètè tutù, bó bá ti tutù mo máa ń bù sí i. Oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn, mo lọ wọn èédú fún un, ó ń ná mi, mo ń dá a lóhùn, mo sì rántí pé omi yẹn á ti tutù. Mo sáré padà, mo bu omi orí iná kún un láìfi ìgbọ̀nwọ́ wò ó. Bàbá rẹ jókòó tiwọn, ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, wọ́n ń sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó gbé aṣọ wá láyé ọjọ́un tó ní kí wọ́n rán ṣòkòtò méjì nínú aṣọ tí kò ju ìwọ̀n ṣòkòtò kan lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ wolẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti wú, ó ń lé ròrò, awọ fẹ́ẹ́ máa ṣí. Wọn kò mọ̀. Ọwọ́ náà kò mọ̀. Mo fà á jáde, wọ́n ní kí ló dé, ìtàn náà kò tíì parí.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo mọ́ mi. Ó kúkú sàn kó pariwo. Ó kàn béèrè pé ẹ̀rọ tí ọmọ yín rà ńkọ́. Mo ní ó gba ìsinmi. Ó wò mí, ó tún wo bàbá rẹ, bàbá rẹ ń wo àjà. Ó fi báńdéèjì di ọwọ́ náà, ó ní omi kankan kò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ na ìka náà títí awọ á fi jinná. Bí a ṣe ń dúró de awọ, bẹ́ẹ̀ ni ìka ń padà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn ọmọ tó rí i pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Àtàǹpàkò ló wọlé kẹ́yìn. Mò ń rí i, mi ò lè ṣe nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì náà ló júwe ọkùnrin kan tó ń tún irú ẹ̀rọ yẹn ṣe. Ta-ló-ṣeyìí ni wọ́n ń pè é, nítorí ilé yòówù kó wọ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, kó tó kí onílé rárá. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn kí a máa pọ́n òun lé. Ó dé, ó wo ẹ̀rọ, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó rí páìpù tí mo so mọ́ fèrèsé. Ó dúró ságbàlá, ó ké tantan pé ta ló ṣe èyí. Mo la ẹnu, kí ọ̀rọ̀ tó jáde, bàbá rẹ dáhùn láti inú yàrá pé àwọn ni. Ọkùnrin náà yọjú wọlé láti rí wọn, ó rí ọwọ́ tí wọ́n dì ní báńdéèjì lórí itan wọn, ọwọ́ tí kò lè di abẹ́rẹ́ mú áńbọ̀sì okùn. Ó padà síta, ó tú okùn náà jẹ́jẹ́, ó ká a, ó kó o fún mi lọ́wọ́.

Ó ní kí n wá wò ó kí n má bàa tún ṣe é mọ́. Ó ní omi tó ń lọ sí balùwẹ̀, agbára tó wà nínú páìpù àdúgbò ló ń tì í, ẹ̀rọ kọ́. Èyí tó ń kán lẹ́yìn yìí kò ní ẹni tó ń tì í, fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ bí òjò ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé, bí a bá gbé ẹnu rẹ̀ gòkè, á dúró, á kún padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì pa ara rẹ̀ kó má bàa mu ún yó. Nọ́ńbà yẹn, ó ń sọ pé omi ti dé òun lọ́rùn ni. Mo béèrè pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kò lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí èmi lọ.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n omi wa tó ń kán dànù ńkọ́, ta ni yóò san owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní omi náà kì í ṣe tiwa. Mo ní ti ta ni, nínú ilé wa. Ó ní òógùn èéfín ni. Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ bá gba ooru lára èéfín tán, èéfín náà á tutù, á làágùn, òógùn náà á sì máa kán jáde, ẹ̀rọ tí kò bá kán, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó ní òógùn náà kan bí omi inú bátìrì, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ irin, ó ń jẹ sìmẹ́ǹtì gọ́tà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á kọjá láàárín òkúta funfun kí òkúta lè pa kíkan rẹ̀. Ó wá ṣí ike gbọọrọ yẹn, ó bojú wò ó, ó ní òkúta dà. Mo yí ojú sí kòtò iwájú ilé gbẹ́nàgbẹ́nà, kẹ̀kẹ́ kan ń gorí rẹ̀ kọjá lọ geere. Ó ní áà, ìyá, ẹ ti fi oògùn ẹ̀rọ ṣe títì.

Òkúta míì ló mú jáde nínú àpò rẹ̀, mo sì ná an, nítorí mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ta òkúta bí ẹní ta ẹyin. Ó fi omi mímọ́ fọ ike náà, ó dí i. Ó tú ibi tí páìpù ti tẹ̀ bí ìkọ́, ó fa nǹkan yọ̀ọ̀rọ̀ jáde níbẹ̀, dúdú, ó ní kí lèyí. Èérún èédú mi ni, èyí tó ń fẹ́ láti ara àwọn àpò tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó fọ ìkọ́ náà, ó sì da omi tuntun díẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó dé e, ó ní omi yẹn ló ń dúró bí olùṣọ́ kí èéfín má bàa gbabẹ̀ wọlé pa wá lójú oorun. Ó wá tẹ́ páìpù náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé gọ́tà, kò jẹ́ kí ibì kankan tẹ̀ kòtò, kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rì sínú omi. Ó tan ẹ̀rọ. Nọ́ńbà náà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó, ọkùnrin náà ní kí n máa yọ̀ nígbà tí mo bá ti ń gbọ́ ọ. Mo kó àwọn àpò èédú kúrò níbẹ̀, mo sì lọ kí ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ní òun kò mọ̀ pé mo ń bínú sí òun, òun rò pé etí mi ló ti ń di.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ǹ bá má kọ ọ́.

Awọ ti jinná báyìí. Nọ́ọ̀sì ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í rì ọwọ́ náà sínú omi padà, kí a ṣe é lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, nítorí bó bá pẹ́ ní kíká báyìí, iṣan á le bí okùn tó gbẹ, kò sì ní nà mọ́ láyé. Láràárọ̀ mo ń gba omi náà sínú àwo. Ó wà lójú kan náà bí o ṣe wí. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, mo tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò ó. Mo gbé e dé iwájú bàbá rẹ, wọ́n á ní kú iṣẹ́, ìyá ọmọ mi, wọ́n á fi ọwọ́ òsì kàn mí léjìká, wọ́n á sì ti ọ̀tún bọ abẹ́ aṣọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí mi, mo sì gbà wọ́n gbọ́, torí o rí ohun tí wọ́n sọ níwájú Ta-ló-ṣeyìí. Wọ́n ní ọwọ́ náà ni ẹ̀rù ń bà, kì í ṣe àwọn. Ọwọ́ tí kò mọ̀ nígbà tó ń jóná, ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀rù. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, á gbọ̀n, wọ́n á ní kí n má bínú. Àwo náà á wà láàárín wa títí á fi tutù.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wá. Bó bá ti wọlé, wọ́n á yọ ọwọ́ náà jáde fúnra wọn, wọ́n á gbé e fún un. Mo máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ka ìka wọn. Àná, wọ́n sọ ìtàn ọlọ́ṣòkòtò méjì yẹn fún un dópin. Mo wá mọ bó ṣe parí. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n ní kí n máa wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ní mo gbọ́. Mi ò tíì wá ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Má fi owó ránṣẹ́ sí mi fún ara mi lóṣù yìí, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ garawa tó lu tàbí ata tó kú yọ ọ́ lẹ́nu. Owó tí nọ́ọ̀sì ń gbà nígbà kan tó ìdajì àpò èédú, èrè mi kò lè gbé e. Bó bá ṣeé ṣe, san án fún un kó máa wá lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi, títí ìka náà á fi dìde. Èmi á máa gba omi sílẹ̀ dè é, ìyẹn kò ní owó nínú. Sọ fún bàbá rẹ pé ìwọ lo rò ó fúnra rẹ, má sọ pé èmi ni mo ní kí a háyà ẹlòmíràn kó wá máa di ọwọ́ ọkọ mi mú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ nínú ìjáde àti ìwọlé rẹ. Kó fún ọ ní ohun tí o ń wá, kó má sì gba èyí tí o ti ní fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà kọjá aṣọ wọn. Ìwọ àti ọkọ rẹ á jọ darúgbó, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì ní di ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ ń fi ọwọ́ pamọ́ fún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.